Kì í ṣe gbogbo ìtọ̀ ló ń mú ẹsẹ̀ wíwú lọ sílẹ̀

Ó tún ṣẹlẹ̀ lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọ̀rẹ́ mi kan na ẹsẹ̀ rẹ̀ tó wú sórí àga, ó ń ṣàròyé pé bàtà kò wọ òun mọ́. Kò tíì sọ̀rọ̀ tán tí ẹni tó jókòó tì í fi dá a lóhùn: "Omi ló pọ̀ lára rẹ. Wá ewé tó ń múni tọ̀, kó o sè é mu. Láàárín ọjọ́ mẹ́ta, gbogbo ẹ̀ á ti bá ìtọ̀ jáde. Ewé ṣáà ni, kò lè ṣe ọ́ ní nǹkan kan." Gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀ ló gbè é lẹ́sẹ̀.

Ọ̀rọ̀ yìí gan-an la gbọ́ nígbà tí ẹsẹ̀ màmá mi bẹ̀rẹ̀ sí í wú. A gbà á gbọ́, ó sì gba oṣù márùn-ún lọ́wọ́ wa.

Màmá ń mu àgbo náà láàárọ̀ àti lálẹ́. Wọ́n tọ̀ lóòótọ́. Ẹ̀ẹ̀mẹrin, ẹ̀ẹ̀márùn-ún ni wọ́n ń dìde lóru, inú wa sì ń dùn pé oògùn ń ṣiṣẹ́. Àmọ́ tó bá di ìrọ̀lẹ́, tí mo bá fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun wọn, ojú ibẹ̀ á jìn wọlé, kò sì ní tètè kún padà. Nígbà tó yá, ojú wọn náà ń wú láàárọ̀. Ìtọ̀ wọn ń ho bí omi ọṣẹ. A rí i, a ò kà á sí. Ìgbà tí dókítà yẹ ìtọ̀ náà wò la tó gbọ́ pé kíndìnrín ló ń jò, pé purotéènì tó yẹ kó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ló ń bá ìtọ̀ lọ. Oṣù márùn-ún la fi ń yọ̀ lórí ìtọ̀ tó yẹ kó dẹ́rù bà wá.

Ibi tí omi náà wà ni kò yé àwọn tó ń gbani nímọ̀ràn yìí. Kò sí nínú àpò ìtọ̀. Kò sí nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ pàápàá. Ó ti jò jáde láti inú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀ tíntìntín, ó wá dúró sáàárín ẹran ara. Láti 1896 ni Ernest Starling, onímọ̀ ará Gẹ̀ẹ́sì, ti ṣàlàyé rẹ̀: agbára ẹ̀jẹ̀ ń ti omi jáde, purotéènì inú ẹ̀jẹ̀ ń fà á padà. Olórí purotéènì yẹn ni álúbúmìn, ẹ̀dọ̀ ló sì ń ṣe é. Bí ẹ̀dọ̀ bá bàjẹ́, kò ní lè ṣe é tó. Bí kíndìnrín bá ń jò, ńṣe ló ń dà á nù. Bí ọkàn ni kò bá lágbára mọ́, ẹ̀jẹ̀ kò ní lọ bó ṣe yẹ, kíndìnrín á wá máa ṣe bí ẹni pé ẹ̀jẹ̀ ti dín kù, á di iyọ̀ àti omi mú. Èwo nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni àgbo ìtọ̀ fẹ́ tún ṣe? A fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀, a ń pa làpálàpá.

Ẹ jẹ́ ká mú dandelion, ewé ilẹ̀ Yúróòpù kan, èyí tí wọ́n ń yìn jù. Orúkọ tí àwọn Faransé ń pè é, pissenlit, dá lórí títọ̀ sórí ibùsùn. Àyẹ̀wò tí wọ́n ń gbé kiri nípa rẹ̀ jáde ní 2009. Ènìyàn 17 ló kópa. Ọjọ́ kan péré ni wọ́n fi lò ó, ẹ̀ẹ̀mẹta. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, wọ́n tọ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lẹ́yìn ti ẹ̀ẹ̀kẹta, kò sí ìyàtọ̀ kankan. Ara àwọn ènìyàn náà le, wíwú ara kọ́ ni wọ́n ń yẹ̀ wò, kò sì sí ẹgbẹ́ mìíràn tí wọ́n fún ní ohun tí kì í ṣe oògùn láti fi wé wọn. Èyí ni wọ́n gbé lé lọ́wọ́ láti fi gba ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti ń dá iṣẹ́ sílẹ̀ nímọ̀ràn.

Ewé kan wà tó ṣiṣẹ́ lóòótọ́. Ní 1785, dókítà William Withering kọ nípa foxglove, tó rí nínú àgbo tí obìnrin kan ń fi wo wíwú ara, àgbo tí oríṣi ewé inú rẹ̀ tó 20. Àwọn aláìsàn rẹ̀ tọ̀, wíwú wọn sì lọ sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ọkàn ni ewé yẹn ń ràn lọ́wọ́, ìtọ̀ kàn tẹ̀ lé e ni. Ìwọ̀n rẹ̀ tó ń wo ọkàn àti ìwọ̀n tó ń dá ọkàn dúró súnmọ́ ara wọn gan-an, Withering fúnra rẹ̀ sì kìlọ̀ nípa èébì àti májèlé rẹ̀. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé ewé kò lè pani lára. Ní Brussels, ní ilẹ̀ Belgium, ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn obìnrin tó fẹ́ fọn lo egbòogi ilẹ̀ Ṣáínà. Stephania ló yẹ kó wà nínú rẹ̀, èyí tí àwọn ará Ṣáínà ń lò láti fa omi kúrò lára. Aristolochia, egbòogi mìíràn tó ní májèlé, ni wọ́n ṣì mú. Ó ba kíndìnrín àwọn tó lé ní 100 jẹ́, àwọn kan nínú wọn sì ní jẹjẹrẹ lẹ́yìn náà. Liquorice, gbòǹgbò dídùn kan tí ọ̀pọ̀ ń fi sínú tíì, tiẹ̀ máa ń mú kí ara di iyọ̀ àti omi mú ni.

Wọ́n á ní ewé ń jẹ́, èyí tí kò jẹ́, ewé rẹ̀ ló kù. Tí kò bá jẹ́, ẹ fi òmíràn kún un: báyìí ni oṣù márùn-ún ṣe lọ.

Mo gbà pé wíwú díẹ̀ wà tí kò la ewu lọ, bíi ti ẹni tó dúró pẹ́ tàbí obìnrin tí nǹkan oṣù rẹ̀ ku ọjọ́ díẹ̀. Ìyẹn á lọ fúnra rẹ̀, àgbo á sì gba ìyìn.

Tí ẹ bá fẹ́ fi oúnjẹ ran ara yín lọ́wọ́, iyọ̀ ni kẹ́ ẹ mú. Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kó má tó gíráàmù 5 lójúmọ́, ìyẹn nǹkan bíi ṣíbí tíì kan, a sì ń rí i jẹ nínú búrẹ́dì àti oúnjẹ inú agolo láìmọ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè tẹ́ ẹ bá sinmi, kẹ́ ẹ máa rìn. Ẹ tún wo oògùn tẹ́ ẹ ń lò. Amlodipine tí wọ́n ń fún ẹlẹ́jẹ̀ ríru máa ń mú ọrùn ẹsẹ̀ wú, títọ̀ kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dín irú wíwú yẹn kù. Ibuprofen, oògùn ìrora, náà máa ń mú kí ara di omi mú. Ẹsẹ̀ kan ṣoṣo tó wú tó sì ń dunni lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀ dídì. Bí ojú àti ọwọ́ aboyún bá wú lójijì, tí orí sì ń fọ́ ọ, ọjọ́ náà gan-an ni kó rí dókítà.

Mo bi ọ̀rẹ́ mi léèrè bóyá ìtọ̀ rẹ̀ ń ho. Ó ní rárá. Mo bi í bó ṣe ń sùn. Ó ní ìrọ̀rí mẹ́ta lòun ń gbé orí lé báyìí, pé tóun bá sùn gbalaja, èémí kì í tó òun. Ọkàn tí kò lágbára mọ́, tí omi ti ń kún ẹ̀dọ̀fóró, ló sábà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Mo dìde, mo mú bàtà rẹ̀, mo ní ká máa lọ sílé ìwòsàn.