Ẹ Pè Mí, Ẹ Yéé Tẹ Àtẹ̀jíṣẹ́ Sí Mi!

Ó ti sú mi! Ọ̀rọ̀ téèyàn lè fẹnu sọ tán kó tó mí kanlẹ̀, ẹ ó máa fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ní gígé-gígé.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, inú mọ́tò ni mo wà, à ń ti Òjòó lọ sí Mọ́kọ́lá, ni fóònù mi bá dún. Àbúrò mi ni. Ọ̀rọ̀ márùn-ún péré ló kọ: “Baba nikan lo ku sile.” Kò sí àmì ohùn kankan lórí ẹ̀. Bàbá wa ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ara wọn ò sì yá látoṣù tó kọjá. Kí lẹ fẹ́ kí n kà níbẹ̀? Ọwọ́ mi ń gbọ̀n débi pé obìnrin tó jókòó tì mí ló bá mi di fóònù mú.

Mo pè é, kò gbé e. Mo tún pè, ó gé e. Ó wá tẹ̀ ẹ́ pé mítìǹ lòun wà. Mo bi í pé kí ló ṣe Bàbá. Mò ń wò ó bó ṣe ń tẹ̀, ó dúró, ó tún ń tẹ̀, ó tún dúró. Ẹni tó ráyè ṣèyẹn ò ráyè sọ pé “Ẹ̀gbọ́n, kò sí nǹkan kan”! Aládùúgbò wa ni mo pè kí n tó gbọ́ pé Bàbá ń mu ẹ̀kọ lọ́wọ́. Àwọn yòókù ló lọ sóde ìgbéyàwó. Kù ló fẹ́ sọ, kì í ṣe kú!

Ohùn ni Yorùbá, ẹ gbọ́? Ẹ bó ohùn kúrò lára ẹ̀ tán, ẹ wá ń kó egungun ẹ̀ ránṣẹ́ séèyàn.

Lọ́dún 2001 tí GSM dé Nàìjíríà, náírà 50 ni ìṣẹ́jú kan. Ká tilẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá sọ̀rọ̀, owó odindi ìṣẹ́jú ni wọ́n ń gé. Ẹni tó bá tẹ àtẹ̀jíṣẹ́ nígbà yẹn, mi ò lè bá a wí. Lónìí ńkọ́? Dátà tẹ́ ẹ fi ń wo fídíò látàárọ̀ dalẹ́, ṣé kò lè gbé ìpè kan lórí WhatsApp ni?

Ìyá ọ̀rẹ́ mi kú, àwọn tó ti jẹun nílé wọn láìmọye ìgbà fi àwòrán àtẹ́lẹwọ́ méjì ránṣẹ́, ó parí. “Ẹ kú ara fẹ́ra kù” wá di ohun tí ẹnu ò lè sọ mọ́!

Títí di àárọ̀ yìí, àbúrò mi ò tíì pè mí. Ohun tó tẹ̀ ránṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà ni “E ma binu.” Ṣé ẹ má bínú ni, àbí ẹ máa bínú? Mò ń bínú. Tó bá fẹ́ bẹ̀ mí, kó pè.