Idà ara ògiri kì í sọni di ọ̀daràn: ohun tí òfin sọ yàtọ̀ sí ohun tí aráyé ń sọ

Bí ẹ bá gbé idà Japan kan kọ́ sára ògiri pálọ̀ yín ní Àdátán tàbí Ìbarà, ní Abẹ́òkúta níbí, kò ní pẹ́ tí àlejò kan á fi sọ pé, "Ṣé ẹ mọ̀ pé ẹ̀wọ̀n ni nǹkan yìí?" Òmíràn á ní àfi kí ẹ lọ gba láísẹ́ǹsì ní Eléwéẹran, olú ilé iṣẹ́ ọlọ́pàá. Ẹnì kẹta á fi kún un pé àwọn oní-karate pàápàá, bí wọ́n bá ti gba bẹ́líìtì dúdú, dandan ni kí wọ́n lọ forúkọ ọwọ́ wọn sílẹ̀ bí ohun ìjà lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Kò sí òótọ́ nínú ọ̀kankan nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Èyí tó ń dùn wá jù ni pé ẹni tó ń bẹ̀rù idà ara ògiri yìí kan náà ló ń ti àdá bọ abẹ́ àga mọ́tò, tó ń gbé e kiri lóru láìfòyà. Ibẹ̀ gan-an sì ni òfin ti lè mú un.

Òfin orílẹ̀-èdè wa ti ọdún 1999, abala 36(12), sọ pé a kò gbọ́dọ̀ dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi ẹ̀ṣẹ̀ tí kò sí nínú òfin tí a kọ sílẹ̀, tí ìjìyà rẹ̀ náà sì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá ní èèwọ̀ ni idà, kó fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí hàn wá. Ibi tí wọ́n sábà máa ń tọ́ka sí ni òfin ìbọn, Firearms Act, tó ti wà láti 1959. Òfin náà túmọ̀ ohun tó ń bá wí: ohun ìjà aṣekúpani tó ní ọ̀pá oníhò, tí ọta tàbí ohun mìíràn lè ti ibẹ̀ jáde. Idà kò ní ihò, ọta kì í sì í ti ara rẹ̀ jáde. Bẹ́ẹ̀ náà ni nunchaku, igi méjì tí wọ́n fi ṣéènì tàbí okùn so pọ̀, bẹ́ẹ̀ náà ni sai, irin ẹlẹ́nu mẹ́ta tí wọ́n ń lò ní méjì-méjì. Kò sí fọ́ọ̀mù láísẹ́ǹsì idà ní àgọ́ ọlọ́pàá kankan. Ẹni tó bá gba owó lọ́wọ́ yín pé òun fẹ́ bá yín ṣe é, jìbìtì ló lù yín.

Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn kò mọ̀ ni pé ìbọn afẹ́fẹ́ tí àwọn ọmọ fi ń pa ẹyẹ, tí gbogbo wa kà sí ohun ìṣeré, wà nínú òfin yẹn ní tààrà. Láísẹ́ǹsì ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá ni ẹ fi lè ní i. Èyí tó kéré lára rẹ̀, tó dà bí ìbọn ìléwọ́, burú ju bẹ́ẹ̀ lọ: ó wà lára ohun tí kọ́sítọ̀ọ̀mù kò gbà kó wọlé rárá, nínú ìwé kan náà tí wọ́n kọ owó ẹyọ sí. Bàbá tó lé idà ọmọ rẹ̀ jáde nílé, tó wá fi ìbọn afẹ́fẹ́ rọ́pò rẹ̀ fún un, ti gbé ohun tó bófin mu sọnù, ó sì gbé ọ̀ràn wọlé.

Púpọ̀ nínú àhesọ yìí, láti òkè òkun ló ti wọlé. Ní England àti Wales, láti oṣù kẹrin ọdún 2008, wọ́n ti fòfin de títà àti kíkó idà tó tẹ̀ wọlé, bí ojú rẹ̀ bá tó sẹ̀ntímítà 50. Wọ́n yọ àwọn kan sílẹ̀, bí irú èyí tí alágbẹ̀dẹ fọwọ́ rọ lọ́nà àtijọ́. Ní ìpínlẹ̀ New York, nunchaku jẹ́ èèwọ̀ láti 1974, àfìgbà tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ wọ́gi lé òfin náà ní oṣù kejìlá 2018. Ọmọ tó wà ní London á pe ìyá rẹ̀ lórí fóònù, á ní kí wọ́n tètè kó idà yẹn kúrò nílé. Òótọ́ ló sọ níbi tó ń gbé, àmọ́ òfin ibẹ̀ kọ́ ni wọ́n fi ń dájọ́ ní ilé ẹjọ́ Ìṣábọ̀ níbí.

Òfin tiwa ń wo ibi tí ẹ gbé nǹkan náà dé, ìgbà tí ẹ gbé e, bí ẹ ṣe gbé e àti ohun tí ẹ fẹ́ fi ṣe. Nínú ìwé òfin ìwà ọ̀daràn, Criminal Code, abala 80 (nọ́ńbà lè yàtọ̀ nínú èyí tí ìpínlẹ̀ Ògùn tò), ẹni tó bá gbé ohun ìjà kiri ní gbangba láìsí ìdí tó bófin mu, lọ́nà tó fi dẹ́rù ba ẹnikẹ́ni, ẹ̀wọ̀n ọdún 2 ló ń wò yẹn, wọ́n sì lè gba ohun ìjà náà. Mẹ́ta ni ohun tó gbọ́dọ̀ pé: gbangba, àìnídìí, ẹ̀rù. Àgbẹ̀ tó di àdá mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà, tó ń lọ sóko lọ́nà Ọ̀dẹ́dá, nídìí, kò sì dẹ́rù ba ẹnì kankan. Àdá yẹn kan náà, bí wọ́n bá yọ ọ́ láàárín ìjà ní Ìtòkú, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti pé nìyẹn.

Abala 417 ló yẹ kí ẹni tó ń gbé àdá sínú mọ́tò bẹ̀rù. Ẹni tí wọ́n bá bá ohun ìjà lọ́wọ́ rẹ̀ lóru, tó ń gbèrò láti fọ́lé kó sì hùwà ọ̀daràn ńlá níbẹ̀, lè ṣẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ti irinṣẹ́ ìfọ́lé tún le jù: bí wọ́n bá bá a lọ́wọ́ yín lóru, ẹ̀yin lẹ máa fi hàn pé ẹ nídìí. Òru tí òfin yìí ń sọ kì í ṣe ọ̀gànjọ́. Láti agogo mẹ́fà ààbọ̀ ìrọ̀lẹ́ ni, títí di mẹ́fà ààbọ̀ àárọ̀. Ìgbà tí àwọn oníṣòwò Pánsẹ́kẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń tan iná, òru ti bẹ̀rẹ̀ lójú òfin. Lóòótọ́, ìjọba ló máa fi hàn pé ẹ ní èrò ibi ní ti àdá, ṣùgbọ́n bí àdá àti irin tí wọ́n fi ń já ilẹ̀kùn (crowbar) bá jọ wà lábẹ́ àga ní agogo mọ́kànlá alẹ́, àlàyé á gùn.

Àwọn kan máa ń ka òfin tó de ìdigunjalè bí ẹni pé ó ka ohun èèwọ̀ sílẹ̀. Lóòótọ́, ó dárúkọ ọrun àti ọfà, ọ̀kọ̀, àdá, kùmọ̀, títí kan igi, irin, ìgò àti òkúta tí wọ́n bá lè fi ṣeni léṣe. Bó bá jẹ́ pé èèwọ̀ ni láti ní wọn ni, ta ni kò ní ṣẹ̀wọ̀n nínú wa? Ohun tó ń sọ ni pé ẹni tó bá fi wọ́n jalè, adigunjalè ni, ikú sì ni ìdájọ́ rẹ̀.

Ibi méjì wà tí kò yẹ kí ẹ gbé idà tàbí sai dé rárá, kódà nínú àpò: ìpàdé tàbí ìwọ́de ìta gbangba, tí òfin 1979 lórí ètò ìlú (Public Order Act) kà léèwọ̀, àti ibùdó ìdìbò. Lọ́jọ́ ìdìbò, òfin ìdìbò 2022 fi mítà 300 yí ibùdó ká. Owó ìtanràn 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù 6 ni òfin 2022 yẹn kọ fún ẹni tó bá gbé ohun ìjà wọ ibẹ̀. Bí ọ̀nà ibi ìdánrawò karate tàbí idà yín bá gba ibẹ̀ kọjá, ẹ fi ọjọ́ yẹn sinmi.

Ní ọjọ́ yòókù, bí ẹ bá ń lọ síbi ìdánrawò, ẹ ti idà bọ inú àkọ̀, ẹ fi okùn so èèkù mọ́ àkọ̀ kó má baà yọ fúnra rẹ̀, ẹ dì í sínú àpò gígùn, kí ẹ sì gbé e sínú búùtù. Sai méjèèjì, ẹ fi aṣọ wé wọn lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ má gbé ohunkóhun bẹ́ẹ̀ lọ́wọ́ lórí ọ̀kadà. Ẹ fi lẹ́tà kóòṣì yín sínú àpò náà: orúkọ yín, ibi ìdánrawò, ọjọ́ àti àkókò. Lẹ́tà kì í ṣe láísẹ́ǹsì o, ẹ̀rí pé ẹ nídìí ni. Bí ọlọ́pàá bá dá yín dúró, ẹ sọ ohun tó wà nínú àpò kó tó ṣí i. Ẹ má ṣe fa idà yọ láti fi hàn án. Ẹ jẹ́ kó fọwọ́ ara rẹ̀ mú un. Bí wọ́n bá gbà á, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé kankan. Bí wọ́n bá tì yín mọ́lé, abala 35 òfin orílẹ̀-èdè ní ọjọ́ kan péré ni wọ́n ní láti fi gbé yín dé ilé ẹjọ́, bí ilé ẹjọ́ bá wà láàárín kìlómítà 40. Ní Abẹ́òkúta, ó wà.

Ẹni tí idà rẹ̀ kì í kúrò nílé náà ní ojúṣe. Abala 304 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn ní kí ẹni tí ohun eléwu wà níkàáwọ́ rẹ̀ ṣọ́ ọ dáadáa kó má baà pa ẹlòmíràn lára. Púpọ̀ nínú idà ọ̀ṣọ́ tí wọ́n ń tà lówó pọ́ọ́kú kì í ṣe ohun fífì. Ẹ tú èèkù rẹ̀ wò: bí ẹ bá rí i pé irin náà kò gba inú èèkù kọjá, pé ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ bíi bóòtù ni wọ́n jó mọ́ ìdí rẹ̀, tí nọ́ọ̀tì kan dì mú, ibi tí wọ́n jó yẹn ni yóò ti kán. Irin tí kì í dípẹtà tí wọ́n fi ṣe é kì í rọ̀ bó bá gùn. Bó bá kọlu nǹkan, ó lè ṣẹ́, kí ojú idà sì fò lọ bá ẹni tó jókòó. Idà gidi, irin rẹ̀ wọnú èèkù lọ jìnnà, èèkàn oparun ló sì mú un dúró; bí èèkàn náà bá ti ń mì, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó fà á yọ. Fún ìdánrawò, idà onígi ni kí ẹ lò. Èyí tó wà lára ògiri, ẹ gbé e ga ju ibi tí ọwọ́ ọmọdé lè tó, kí ẹ sì fi wáyà dè é mọ́ ìkọ́.

Ní ti bẹ́líìtì dúdú, kò sí ìwé tí wọ́n ń kọ orúkọ yín sí. Guam, erékùṣù Amẹ́ríkà, ti ṣe irú òfin bẹ́ẹ̀ rí fún àwọn akọ́ṣẹ́mọṣẹ́ karate àti judo. Ti Nàìjíríà kò sí. Bí ẹnì kan bá kọlù yín láìjẹ́ pé ẹ tọ́ ọ, abala 286 ìwé òfin ìwà ọ̀daràn gbà yín láyè láti lo agbára tó tó láti gba ara yín. Bẹ́líìtì kò dín in kù, kò sì fi kún un. Ẹni tó bá ti ṣubú, tí ẹ ṣì ń gbá a nípàá, ìyẹn ti kọjá ìgbèjà ara ẹni.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á láti òkè òkun, ẹ mọ̀ pé àdá oko àti idà kò sí lójú ìwé kan náà ní kọ́sítọ̀ọ̀mù. Orí 82, ti irinṣẹ́, ni àdá wà. Idà wà ní orí 93, nọ́ńbà 9307, láàárín ohun ìjà. Nítorí èyí ni òṣìṣẹ́ fi lè dá a dúró bí kò tilẹ̀ jẹ́ èèwọ̀. Ẹ bá aṣojú kọ́sítọ̀ọ̀mù tó ní ìwé àṣẹ sọ̀rọ̀ kí ẹ tó sanwó, kí ẹ sì jẹ́ kí olùtajà kọ orúkọ rẹ̀ gan-an àti gígùn rẹ̀ sórí ìwé. Ẹni tó bá kọ "ohun èlò ilé ìdáná" láti fi sá fún ìbéèrè ti parọ́ fún kọ́sítọ̀ọ̀mù, irọ́ yẹn sì jẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ tó dá dúró fúnra rẹ̀.