Ta ló ní ìyàwó lásán ni Augusta?

Tí a bá dárúkọ àwọn ayaba Constantinople (olú-ìlú ìjọba Róòmù ti ìlà-oòrùn, tí à ń pè ní Istanbul lónìí) láyé àtijọ́, ohun tó máa ń wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ènìyàn ni obìnrin tó fi góòlù bora, tí wọ́n há mọ́ ìyẹ̀wù, tí iṣẹ́ rẹ̀ kò ju kó bí àrẹ̀mọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ọ̀rọ̀ "ayaba" tí a ń pè wọ́n gan-an wà lára ohun tó ń ṣì wá lọ́nà. Augusta ni oyè tiwọn. Wọ́n ń dé wọn ládé, wọ́n sì ní àwọn ìwẹ̀fà àti ìjòyè tiwọn. Bí ọba bá wàjà tí ọmọ rẹ̀ ṣì kéré, ọwọ́ Augusta ni ìjọba sábà máa ń bọ́ sí.

Ẹ wo Zoe, ọmọ ọba Constantine Kẹjọ, tí kò bí ọmọkùnrin. Ọkọ mẹ́ta ni Zoe fẹ́, ní 1028, 1034 àti 1042. Ipasẹ̀ rẹ̀ sì ni gbogbo wọn fi jọba: ẹni tó bá fẹ́ ẹ ló ń gorí ìtẹ́. Lóòótọ́, èkejì nínú wọn, Michael Kẹrin, sé e mọ́lé, irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ló sì jẹ́ kí a máa rò pé gbogbo wọn ló wà láhàámọ́. Àmọ́ nígbà tí Michael Karùn-ún, tí Zoe fúnra rẹ̀ gbà ṣọmọ, gé irun rẹ̀ láti sọ ọ́ di obìnrin mọ́ńkì, tó sì lé e lọ sí erékùṣù kan ní oṣù kẹrin 1042, ìlú dàrú. Michael Psellos, tó ń ṣiṣẹ́ láàfin nígbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé àwọn obìnrin tí ẹnikẹ́ni kò rí lóde rí tú síta, wọ́n ń ké nítorí Zoe. Èrò ya bo ààfin. Michael Karùn-ún, tó jẹ́ ọba nígbà náà, sá wọ ilé àwọn mọ́ńkì, wọ́n wọ́ ọ jáde, wọ́n sì fọ́ ojú rẹ̀ méjèèjì. Zoe àti Theodora àbúrò rẹ̀ wá jọ ṣèjọba.

Ṣáájú wọn ni Irene, tó dá nìkan jọba láti 797 sí 802, tí àwòrán rẹ̀ wà lójú àti lẹ́yìn owó góòlù. Ó fọ́ ojú ọmọ bíbí inú rẹ̀ kó tó débẹ̀. Ìwà ìkà gbáà ni, n kò ní í gbèjà rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí kò lágbára kò lè ṣe é.

Ní 1055, tí ọkọ Zoe tó kẹ́yìn kú, Theodora padà sórí ìtẹ́. Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Kò fẹ́ ọkọ kankan. Òun fúnra rẹ̀ ló ń yan ìjòyè, tó ń dá ẹjọ́, títí ó fi wàjà ní 1056.