Ìmúnisìn kì í ṣe ìmúnilẹ́rú
Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ kọ ọ́ pé àwọn Gẹ̀ẹ́sì mú Èkó lẹ́rú ní 1861. Rárá, ìmúnisìn ni wọ́n ṣe, ìyẹn ni pé wọ́n gba àṣẹ ìlú. Wọ́n fi ọkọ̀ ogun halẹ̀ mọ́ Dòsùnmú, Ọba Èkó, títí ó fi fọwọ́ sí ìwé tó gbé ilẹ̀ fún wọn. Àṣẹ bọ́ lọ́wọ́ wa, ṣùgbọ́n ìwé yẹn kò sọ ará Èkó di ọjà. Àwọn tí wọ́n dè ní ṣẹ́kẹ́ṣẹkẹ̀, tí wọ́n kó gba etíkun yìí kan náà lọ tà ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil àti ní Kúbà, àwọn ni wọ́n mú lẹ́rú. Ìran àwọn Àgùdà, ìyẹn àwọn tó padà dé láti ibẹ̀, ṣì wà ní Èkó. Ẹ jọ̀ọ́, nítorí tiwọn, ẹ tún un kọ.