Ọjọ́ A Kú Là Á Dère

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kọjá, mo wà níbi ìsìnkú bàbá àlùfáà kan tó sin ìjọ rẹ̀ títí irun orí rẹ̀ fi funfun báláú. Ènìyàn mẹ́sàn-án ló dìde sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Gbogbo wọn ló ní irú bàbá bẹ́ẹ̀ kò ní í sí mọ́. Wọ́n gbé àwòrán rẹ̀ tó ga ju ènìyàn lọ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn onífèrè sì ń fọn fèrè. Inú mi ń ru bí mo ṣe jókòó. Àwọn àgbà ti wí i tẹ́lẹ̀: ọjọ́ a kú là á dère, ènìyàn ò sunwọ̀n láàyè. Ẹni tó bá ń gbẹ́ ère òkú kì í gbẹ́ àpá mọ́ ọn lójú.

Mo mọ bàbá yìí dáadáa. Òun ló ṣe ìrìbọmi fún mi. Ó ní ìwé kan, ìwé táwọn ọmọ iléèwé ń lò lásán, ojú ewé kan fún ilé kan nínú ìjọ. Bí wọ́n bá bímọ, á kọ ọ́ síbẹ̀. Bí ẹnìkan bá ń ṣàìsàn, á sàmì sí orúkọ rẹ̀, bó bá sì ti lọ bẹ̀ ẹ́ wò, á fa ìlà sí i. Mo rí ojú ewé tiwa lọ́jọ́ kan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ ìyá mi, ó kọ “ẹsẹ̀” síbẹ̀, torí pé ẹsẹ̀ ń dùn ún lọ́dún náà. Àràárọ̀ ló ń ka orúkọ wa níkọ̀ọ̀kan níwájú Ọlọ́run, lórí eékún rẹ̀.

Òrùlé ilé tí ìjọ fi bàbá sí ń jò. Abọ́ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn rẹ̀, òmíràn wà lórí àga, òjò ń ro tó, tó, tó sínú wọn. Ẹ̀ẹ̀mẹta ló kọ̀wé sí ìgbìmọ̀ ìjọ, wọ́n ní owó ò sí. Owó tí wọ́n fi tẹ àwòrán yẹn, tí wọ́n fi háyà onífèrè, ì bá ra páànù, ì bá ra ìṣó mọ́ ọn. Èmi náà rí abọ́ yẹn. Mo kí bàbá, ó gbàdúrà fún mi, mo dìde, mo lọ. Ó dùn mí títí dòní.

Àìsàn yìí ti pẹ́ lára wa, kì í sì í ṣe àwa nìkan ló ń ṣe. Ẹ wo Bíṣọ́ọ̀bù Samuel Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821. Ó di àlùfáà ní 1843, ó sì fojú kan ìyá tó bí i ní Abẹ́òkúta ní 1846, lẹ́yìn ọdún 25. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 1864, wọ́n fi í jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, adúláwọ̀ àkọ́kọ́ nínú ìjọ Áńgílíkà. Òun ni aṣáájú àwọn tó túmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Nígbà tó wá lé lẹ́ni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ míṣọ́nnárì òyìnbó tó lè bí lọ́mọ-ọmọ jókòó ìgbìmọ̀ pẹ̀lú rẹ̀ ní Onitsha ní oṣù Kẹjọ 1890, wọ́n ń dá àwọn àlùfáà abẹ́ rẹ̀ dúró níṣojú rẹ̀. Bàbá fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀ fún wọn. Ọjọ́ tó kẹ́yìn ọdún 1891 ló kú ní Èkó.

Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹfà 2014, wọ́n ṣe ìsìn ní Canterbury kan náà, Justin Welby tó jẹ́ olórí bíṣọ́ọ̀bù wọn nígbà náà sì tọrọ àforíjì. Ó dára, mo dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ta ni wọ́n ń bẹ̀? Bàbá ti lo ọdún 122 nínú sàréè.

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Ọ̀rọ̀ tó le ni, àmọ́ ẹ jẹ́ ká gbà á. Ẹni tó dìde lóru nígbà tí ìyàwó rẹ ń rọbí, tó bá ọ dúró ti bàbá rẹ títí ẹ̀mí fi bọ́, oorun rẹ̀ ló fún ọ, okun ẹsẹ̀ rẹ̀ ló fún ọ. O kó o, o lọ. Bí wọ́n bá wá béèrè, ẹ ó ní Ọlọ́run ni yóò san án fún un. Ẹ yé fi Ọlọ́run bojú! Pọ́ọ̀lù kọ̀wé sí Tímótì pé owó iṣẹ́ tọ́ sí òṣìṣẹ́, àwọn tó ń ṣe làálàá nínú ọ̀rọ̀ Ọlọ́run gan-an ló sì ń bá wí.

Ẹ̀yin tí pásítọ̀ yín ṣì wà láàyè, ìgbà wo lẹ wo inú yàrá rẹ̀ kẹ́yìn? Ta ló ń ra oògùn rẹ̀? Ẹ mọ̀ ọ́n bí ẹ bá fẹ́ kó gbàdúrà.

Opó bàbá ti gba lẹ́tà báyìí. Wọ́n ní kó kó ẹrù kúrò nínú ilé náà kí oṣù tó ń bọ̀ tó parí, torí wọ́n fẹ́ pààrọ̀ òrùlé rẹ̀ fún àlùfáà tuntun. Mo lọ kí màmá lánàá, mo bá a níbi tó ti ń di ẹrù, ìwé yẹn wà lórí àpótí. Ènìyàn mẹ́ta ló fọwọ́ sí lẹ́tà náà. Mo ṣí ìwé wò. Ojú ewé àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà níbẹ̀, orúkọ àwọn ọmọ wọn wà níbẹ̀, ìlà sì wà lórí àìsàn kọ̀ọ̀kan tí bàbá torí ẹ̀ wá sílé wọn. Ẹ lọ gba lẹ́tà yẹn padà lọ́wọ́ obìnrin náà.