Ta Ló Ní Edé àti Ẹlẹ́dẹ̀ Kì Í Ṣe Oúnjẹ Ìbílẹ̀?

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má fi edé sí i o. Oúnjẹ ìbílẹ̀ nìkan ni mò ń jẹ báyìí."

Ìkọ́kọrẹ́ ni mò ń sè. Mo ti rin ewùrà, ata àti epo ti ń hó lórí iná, mo wá jókòó ti àtẹ edé, mò ń yọ orí àti ìrù wọn. Àbúrò mi ní òun kà á lórí WhatsApp pé àwọn baba ńlá wa kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀, akàn àti edé, pé òyìnbó ló kó wọn wọ̀lú. Ìkọ́kọrẹ́ láìsí edé! Ẹ bá mi bi ará Ìjẹ̀bú kan wò.

Ta ni ò tíì gbọ́ pé ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí? Láti Ìlàjẹ dé Èkó dé Àgbádárìgì, omi ló ń bọ́ àwọn ará etí ọ̀sà. Edé tí wọ́n bá kó, wọ́n á yan án tàbí kí wọ́n sá a, á wá gba ọ̀nà ọjà lọ sókè. Ibi tí ẹja tútù ò lè dé kó tó rà, edé gbígbẹ ń débẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń jiyàn, kó yẹ Bahia wò ní Brazil. Àwọn ọmọ wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ síbẹ̀ ò gbàgbé àkàrà: epo pupa ni wọ́n fi ń dín in títí dòní, wọ́n sì ń fi edé sí i. Wọ́n tún ń se ilá pẹ̀lú epo pupa àti edé gbígbẹ, caruru ni wọ́n ń pè é. Ẹ wo ilá alásèpọ̀ lójúkorojú!

Ti ẹlẹ́dẹ̀ ò gún tó bẹ́ẹ̀, mo gbà. Kì í ṣe gbogbo agboolé ló ń sìn ín. Ewúrẹ́ àti adìẹ ló wọ́pọ̀. Ṣùgbọ́n ọdẹ wo ló máa pa túùkú tó máa fi í sílẹ̀ nínú igbó? Àgbà tó sì ní ìmàdò ì bá ṣe bí ẹlẹ́dẹ̀ a bàlú jẹ́, ó mọ ti ilé, ó mọ ti igbó. Àwọn Ẹ̀gùn Àgbádárìgì àti Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ò sì fi ẹran ẹlẹ́dẹ̀ ṣeré rárá.

Léfítíkù orí 11 ni èèwọ̀ yìí ti wá: ẹlẹ́dẹ̀, àti ohun inú omi tí kò ní lẹbẹ àti ìpẹ́. Àwọn Adventist, ìjọ Kristẹni tó ń jọ́sìn lọ́jọ́ Sátidé, tó dé Èrúnmu nítòsí Ìbàdàn lọ́dún 1914, ń pa á mọ́. Ìjọ Sẹ̀lẹ́, tó bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́ lọ́dún 1947, kì í jẹ ẹlẹ́dẹ̀. Kùránì náà ka ẹlẹ́dẹ̀ léèwọ̀, àmọ́ Súrátù Máídà ẹsẹ̀ 96 fàyè gba ohun inú òkun, ìlànà Málíkì tí àwọn Mùsùlùmí wa ń tẹ̀ lé ò sì bá edé jà. Ẹni tó ń pa òfin ẹ̀sìn ẹ̀ mọ́, mo kí i. Kó ṣáà má pè é ní àṣà Yorùbá.

Tiwa, ìdílé àti òrìṣà ló ni èèwọ̀. Ọlọ́bàtálá kì í mu ẹmu, ọlọ́ya kì í jẹ àgbò, wọn ò sì ní kí aládùúgbò má jẹ ẹ́.

Àbúrò mi tó kọ edé yìí, gàrí ló mu láàárọ̀. Ẹ̀gẹ́, àgbàdo, ata, tòmátì: ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni gbogbo wọn ti wá, lẹ́yìn tí àwọn Potogí bẹ̀rẹ̀ sí í wọkọ̀ ojú omi káàkiri. Ẹnikẹ́ni ò bínú sí wọn.

Ẹlẹ́dẹ̀ gbọ́dọ̀ jinná dénú nítorí aràn, akàn náà bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ara ẹ̀ bá ń wú tó bá jẹ edé, kó sá fún un. Ọ̀rọ̀ ara nìyẹn.

Mo ní kó pe Bàbá, kó bi wọ́n léèrè èèwọ̀ ilé wa.

"Òkété," ni Bàbá wí.

"Edé ńkọ́, Bàbá?"

"Èwo nínú ẹ̀? Èyí tí ìyá yín fi wò yín dàgbà?"