Owó inú kóló kì í dúró bẹ́ ẹ ṣe fi í sílẹ̀

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo máa ń gbọ́ lẹ́nu àgbà àtọmọdé, pé owó inú kóló nìkan ló dájú, báńkì lè kógbá wọlé, alájọ lè sá lọ, ṣùgbọ́n èyí tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, iye téèyàn bá kó síbẹ̀ náà ló máa bá níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe òótọ́ o. Iye tí wọ́n kọ sára owó yẹn ni ò yí padà, ohun tó lè rà ti ń dínkù. Ó sì ń dùn mí gan-an torí àwọn tó ń fi ebi pa ara wọn kí wọ́n tó rí nǹkan jù sínú kóló ni ọ̀rọ̀ yìí ń pa lára jù.

Ẹ wo ohun tójú wa ti rí. 29 May 2023 ni Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, kò pé rárá tí lítà epo bẹntiróò tí à ń rà ní nǹkan bíi 190 náírà fi kọjá 480, oṣù July ò tíì parí tó fi wọ 617. Inú June ni wọ́n tún fi náírà sílẹ̀ kó máa bá dọ́là wọ̀yá ìjà, látìgbà yẹn owó ọkọ̀, owó ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, gáàsì, búrẹ́dì, gbogbo ẹ̀ ló tẹ̀lé e. Nígbà tó fi máa di December 2024, àjọ tó ń ka ìṣirò fún ìjọba, ìyẹn NBS, ní ọjà ti fi ìdá 34.80 nínú ọgọ́rùn-ún wọ́n ju ti ọdún tó ṣáájú lọ. Ẹni tó bá ti 100,000 bọ kóló ní December 2023, tí ò fọwọ́ kàn án rárá, nígbà tó máa fọ́ ọ lọ́dún kejì, ohun tí owó yẹn lè rà ò ju ohun tí nǹkan bíi 74,000 ń rà lọ́jọ́ tó tì í bọ̀ ọ́. Nǹkan bíi 26,000 ti lọ, olè ò wọlé, eku ò sì jẹ ẹ́.

Ẹ sì rántí wàhálà January sí March 2023 tí wọ́n ní 200, 500 àti 1,000 àtijọ́ ò ní ṣeé ná mọ́. Àwọn tówó wọn wà nílé ló sáré jù, kí Supreme Court tó dá a lẹ́jọ́ ní 3 March pé ká ṣì máa ná an títí December.

Àjọ ńkọ́? Ẹni tó ń dá 1,000 lójoojúmọ́ fún ọjọ́ 31, 30,000 ló máa gbà, ọjọ́ kan jẹ́ ti alájọ. Mi ò bínú sí i, iṣẹ́ ló ṣe, ó fẹsẹ̀ rìn wá sí ṣọ́ọ̀bù yín, ó sì gba owó yẹn kúrò lọ́wọ́ yín kẹ́ ẹ má bàa ná an. Ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ẹ̀yin lẹ̀ ń sanwó fún un, kò sí èlé kankan níbẹ̀.

Èésú ni ọ̀pọ̀ èèyàn ò tíì rò dáadáa. Ká ní èèyàn mẹ́wàá ń dá 20,000 lóṣù, kálukú máa kó 200,000 tó bá kàn án. Gbogbo èèyàn ń wò ó pé ó dọ́gba, àmọ́ ẹni tó kọ́kọ́ kó o fi ra nǹkan ní iye tòní, ẹni tó kó o gbẹ̀yìn máa rà á ní iye oṣù kẹwàá. Tí ọjà bá ń gbówó lórí, bí ẹni pé ẹni ìkẹyìn yá àwọn tó kù lówó láìgba èlé ló rí.

Mi ò ní kẹ́ ẹ fọ́ kóló o. Owó tẹ́ ẹ máa ná láàárín oṣù kan tàbí méjì, owó pàjáwìrì tí ẹ máa nílò lọ́jọ́ tí nẹ́tíwọ̀kì báńkì bá dákú, ẹ fi síbẹ̀. Owó tó máa pẹ́ ni kẹ́ ẹ má fi síbẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ti mọ nǹkan tẹ́ ẹ fẹ́ fi ṣe, tí nǹkan ọ̀hún ò sì ní bàjẹ́, ẹ tètè rà á: bàtà àti ìwé ọmọ, ẹ má dúró de September tí gbogbo ayé ń rà á. Ẹ̀wà náà, ìgbà ìkórè ló máa ń rọ̀, ẹ sá a kó gbẹ, ẹ rọ ọ́ kún kẹ́ẹ̀gì tí afẹ́fẹ́ ò lè wọ̀, ẹ dé e pa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi Sniper, oògùn apakòkòrò yẹn, sí ẹ̀wà, májèlé ni, NAFDAC, àjọ tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn, ti pariwo rẹ̀ tipẹ́. Ẹ má sì kó oúnjẹ jọ torí èrè, àwọn tó kó ìrẹsì pamọ́ ní 2024 tó wọ́n gógó rí bó ṣe já wálẹ̀ ní 2025.

Fún èyí tó máa pẹ́ jù, FGN Savings Bond wà, ìyẹn owó tí ìjọba àpapọ̀ ń yá lọ́wọ́ aráàlú, DMO, àjọ tó ń bójú tó gbèsè ìjọba, ló ń tà á, 5,000 náírà lèèyàn lè fi bẹ̀rẹ̀, ọdún méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n ń san èlé ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Ní 2024, èlé ẹ̀ ò bá ọjà dọ́gba, mi ò ní purọ́, ṣùgbọ́n ó sàn ju kóló tí ò mú nǹkan kan wá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ tàbí ti ọjà náà dáa, wọ́n ń pín èrè lópin ọdún, wọ́n sì ń yáni lówó. Ẹni tó bá ní òun máa sọ ọ́ di méjì láàárín oṣù kan, ẹ sá fún un, irú ẹ̀ ni MMM tó tilẹ̀kùn ní December 2016 àti CBEX tó dàwátì ní April 2025.

Àwọn tó ní báńkì lè kógbá wọlé, òótọ́ ni, wọ́n gba láísẹ́ǹsì Heritage Bank ní June 2024. Ṣùgbọ́n NDIC, àjọ ìjọba tó ń dáàbò bo owó tí aráàlú fi sí báńkì, san owó àwọn tó ní àkáǹtì níbẹ̀ padà, tó fi dé mílíọ̀nù márùn-ún fún ẹnì kọ̀ọ̀kan. Tí kóló bá jóná, ta lẹ máa lọ bá?

Tẹ́ ẹ bá sì wà nínú èésú báyìí tó jẹ́ ẹ̀yin lẹ máa kó o gbẹ̀yìn, ẹ tètè bá olórí ẹgbẹ́ sọ̀rọ̀, kí ẹni tó gbẹ̀yìn lọ́dún yìí bọ́ síwájú nígbà tẹ́ ẹ bá tún bẹ̀rẹ̀.